Ìwé Tí Kò Ní Bàbá Ìsàlẹ̀

Ká ní wọ́n ń fi ìdọ̀bálẹ̀ gba oyè ní yunifásítì ni, Dókítà Mọ́ṣúdù Fábíyìí ì bá ti di pọ̀fẹ́sọ̀ kí irùngbọ̀n rẹ̀ tó hù tán. Ní gbogbo kọ́lẹ́ẹ̀jì àgbẹ̀ tó wà lójú ọ̀nà tó ti Ṣàgámù lọ sí Ìkẹ́nnẹ́ nígbà náà, lọ́dún 1985, kò sí ẹni tó mọ àgbà í kí tó o. Bó bá rí àgbà lókèèrè, báàgì ọwọ́ rẹ̀ á ti balẹ̀. Bí àgbà náà bá sín, òun ni yóò kọ́kọ́ kí i pẹ̀lẹ́, tí yóò sì máa bẹ̀bẹ̀ bí ẹni pé òun ló da eruku.

Kì í ṣe pé ọkùnrin náà gọ̀. Ìyẹn gan-an ló ń bí ènìyàn nínú. Bó bá jẹ́ òmùgọ̀ ni, ènìyàn á kàn rẹ́rìn-ín, á sì bá tirẹ̀ lọ. Ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ dunjú. Òun nìkan ló lè kọ́ àwọn ọmọ ọdún kejì ní kọ́ọ̀sì tó dá lórí bí a ṣe ń tọ́jú irè oko lẹ́yìn ìkórè, kí kòkòrò má jẹ ẹ́, kó má sì bu. Àgbàdo ni o, ẹ̀wà ni o, obì tí gbogbo ayé fi mọ Ṣàgámù ni o, ó mọ ohun tó ń pa ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn nínú àká. Òfin kọ́lẹ́ẹ̀jì sì le lórí kọ́ọ̀sì yìí: ẹni tó bá fìdí rẹmi nínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ilé ló ń lọ, kò sí ẹ̀bẹ̀.

Ọ̀kan nínú àwọn tó ti fìdí rẹmi lẹ́ẹ̀kan ni Ràbíátù, ọmọ Sàfúrátù, ẹ̀gbọ́n Mọ́ṣúdù, tó ń ta obì ní Mákùn, àdúgbò wọn ní Ṣàgámù. Nígbà tí bàbá wọn kú, Sàfúrátù ló fi ilé-ìwé sílẹ̀, tó gbé apẹ̀rẹ̀ obì karí, kí àbúrò rẹ̀ ọkùnrin lè máa kàwé lọ. Obì yẹn ló gbé Mọ́ṣúdù dé Ìbàdàn, òun náà ló gbé e dé òkè òkun. Nígbà tí Ràbíátù wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì, ohun kan ṣoṣo tí Sàfúrátù béèrè lọ́wọ́ àbúrò rẹ̀ ni pé kó bá òun mójú tó ọmọ náà. Ó ṣe ìlérí, ó sì fi ọwọ́ sọ̀yà. Ìlérí ò nira fún Mọ́ṣúdù, ó ń ṣe é bí ẹni ń mí ni.

Ohun tó gbé Ràbíátù ṣubú lákọ̀ọ́kọ́ kò ju àìrí ìwé kà lọ. Ìwé kan ló wà tó ṣàlàyé kọ́ọ̀sì náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ọkùnrin ará Bìní kan ló kọ ọ́, ẹni tó fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ ṣọ́ àká àti ilé ìkẹ́rùsí ní Sàpẹ́lẹ́, tó sì ti di olóògbé. Ìwé tẹ́ẹ́rẹ́ ni, àwòrán wà nínú rẹ̀, èdè rẹ̀ kò sì le. Inú ìwé yìí ni Mọ́ṣúdù ti ń kọ́ wọn, inú rẹ̀ náà ló ti ń mú ìbéèrè ìdánwò. Ẹ̀dà kan péré ló wà ní gbogbo kọ́lẹ́ẹ̀jì, ti Mọ́ṣúdù fúnra rẹ̀ ni.

Ìṣòro tó ní oògùn ni. Ilé-ìkàwé ní ètò kan: bó bá di oṣù kẹfà, olùkọ́ kọ̀ọ̀kan yóò mú lísìtì ìwé tí àwọn ọmọ rẹ̀ yóò kà wá, ilé-ìkàwé yóò sì rà wọ́n kí wọ́n tó wọlé padà. Ohun tí kò bá sí nínú lísìtì, wọn ò ní rà á. Mísìs Bánkẹ́ Ojúọlá ló wà nídìí ètò náà, obìnrin tí kì í fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ. Òun àti Mọ́ṣúdù jókòó ní ọ́fíìsì rẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ kan, wọ́n sì ṣe lísìtì tó dáa. Ọkùnrin náà ń sọ ohun tí òun fẹ́ kọ́ lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, obìnrin náà ń fa káàdì yọ láti wo ìwé tó wà nílẹ̀, èyí tí ikán ti jẹ, àti èyí tí àwọn ọmọ kì í fọwọ́ kàn. Wọ́n ya èyí tó jẹ́ dandan sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tí ènìyàn lè kà bí àyè bá wà. Ìwé ará Bìní ló wà lókè pátápátá.

"Èyí, ogún ẹ̀dà la ó rà," ni Bánkẹ́ wí. "A ó kó díẹ̀ sẹ́yìn káńtà. Ẹni tó bá fẹ́ ẹ á jókòó kà á níbí, kò ní gbé e lọ sílé, kó lè kárí. Ìwé méjìlá ni òfin fún kọ́ọ̀sì kan, tiyín ò sì tíì kún un. Ẹ lọ jẹ́ kí ọ̀gá yín fọwọ́ sí i, kí ẹ mú un padà wá."

"Ó yẹ kí n fi han àwọn àgbà náà."

"Àgbà wo? Ọ̀gá yín nìkan ni òfin dárúkọ."

"Mísìs Ojúọlá, ẹ̀yin náà mọ̀ pé a kì í fi àgbà sẹ́yìn."

"Lísìtì ìwé ni o, Dókítà. Kì í ṣe ìwé ìpè ìgbéyàwó."

Mọ́ṣúdù rẹ́rìn-ín, ó ká lísìtì náà, ó sì bá ọ̀nà rẹ̀ lọ. Ìwé ìpè ìgbéyàwó gan-an ló fi ṣe.

Ọ̀dọ̀ Pọ̀fẹ́sọ̀ Owólabí, olórí ẹ̀ka wọn, ló kọ́kọ́ gbé e lọ. Pọ̀fẹ́sọ̀ yìí kọ ìwé kan nígbà tó ṣì wà lọ́dọ̀ọ́, lórí ohun tó ń mú kí ewé kòkó pọ́n. Látìgbà náà, kò kọ ohun mìíràn tó ju orúkọ rẹ̀ lábẹ́ lẹ́tà lọ. Ó gba lísìtì, ó wò ó lókè, ó wò ó nísàlẹ̀, ó mí kanlẹ̀.

"Ó dáa," ó wí. "Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, ẹ kúkú ti gbàgbé wa."

Bàbá náà kò béèrè ohunkóhun o. Ó ti mú pẹ́ẹ̀nì lọ́wọ́. Ká ní Mọ́ṣúdù gbé ẹnu rẹ̀ dákẹ́ ni, ì bá fọwọ́ sí i, ọ̀rọ̀ ì bá tán síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù ti bà á. "Háà! Àṣìṣe atẹ̀wé ni, sà! Mo ti sọ fún un, sà!" Bó ṣe já ìwé gbà nìyẹn, tó kọ ìwé ewé kòkó sí i kíákíá, tó sì tún fi kún un pé ẹ̀dà tó pọ̀ ni kí wọ́n rà. Kí ni ewé kòkó ń wá nínú ọ̀rọ̀ àgbàdo inú àká? Ẹ má bi Mọ́ṣúdù, òun náà ò mọ̀.

Bó ti jáde ni ẹ̀rù tuntun bà á. Bí ìgbákejì ọ̀gá bá gbọ́ pé ìwé Pọ̀fẹ́sọ̀ wà níbẹ̀ tí tòun ò sí ńkọ́? Dókítà Àtinúkẹ́ ni ìgbákejì náà, ìwé tirẹ̀ dá lórí bí a ṣe ń sin ehoro. Mọ́ṣúdù lọ bá a, ó sì fi ehoro kún un. Ó kan ilẹ̀kùn akọ̀wé àgbà kọ́lẹ́ẹ̀jì, tí kò kẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ rí láyé rẹ̀, tó jẹ́ pé ìtàn ìdílé bàbá rẹ̀ ní àdúgbò Ọ̀fin ló kọ. Mọ́ṣúdù ní ìyẹn náà bá kọ́ọ̀sì mu, pé ibì kan wà nínú rẹ̀ tí wọ́n ti mẹ́nu ba oko. Kódà, ó wọkọ̀ lọ sí Ògijò lọ bá àgbà olùkọ́ kan tó ti fẹ̀yìn tì, tó ń ṣe alága iléeṣẹ́ kan níbẹ̀, kó má baà jẹ́ pé ẹnu ẹlòmíràn ni yóò ti gbọ́ ọ. Ọkùnrin yẹn ò tiẹ̀ rántí mọ́ pé òun kọ ìwé kan rí.

Nígbà tó padà dé ilé-ìkàwé, lísìtì ti kún dé ẹ̀yìn pépà.

Bánkẹ́ kà á tán, ó bọ́ awò ojú rẹ̀. "Ehoro," ó wí. Ó tún kà síwájú. "Ìtàn ìdílé. Dókítà Fábíyìí, ṣé ara yín le?"

"Àwọn bàbá wa ni, Mísìs Ojúọlá. Àwọn ìyá wa ni."

"Mo gbọ́. Méjìlá ni òfin wí. Ẹ yọ àwọn tó lé kúrò. Mi ò ní bá yín yọ ọ́ o, ẹ̀yin lẹ ó fọwọ́ ara yín yọ ọ́."

Mọ́ṣúdù mú pẹ́ẹ̀nì. Ìwé àwọn òyìnbó ló kọ́kọ́ pa rẹ́, nítorí òyìnbó ò sí nítòsí tí yóò bi í léèrè. Ó ṣì ku ẹyọ kan tó lé. Pẹ́ẹ̀nì rẹ̀ dé orí ewé kòkó, ó kọjá kíá bí ẹni tẹ iná. Ó dé orí ehoro, ó rántí pé Dókítà Àtinúkẹ́ wà nínú ìgbìmọ̀ tó ń gbé olùkọ́ ga, ó tún kọjá. Ó dé orí ti alága Ògijò, ó rántí ọtí ẹlẹ́rìndòdò tí wọ́n fún un mu níbẹ̀. Ní ìgbẹ̀yìn, ó padà sókè pátápátá.

"Ẹni tó kọ èyí ti kú," ó wí jẹ́jẹ́. "Àwọn ènìyàn rẹ̀ ò sì sí nílẹ̀ Rẹ́mọ níbí. Kò sẹ́ni tí yóò bínú."

"Àwọn ọmọ tí yóò ṣe ìdánwò ńkọ́? Àwọn yẹn ò mọ ìbínú ni?"

"Ọdún yìí nìkan ni. Tó bá di ẹ̀ẹ̀mìíràn, a ó fi í síbẹ̀."

Ó sì fa ilà gba orí rẹ̀ kọjá. Ká má purọ́ mọ́ ọn, ó dùn ún. Ọ̀rọ̀ Ràbíátù wá sí i lọ́kàn bó ti ń fa ilà náà, ọkàn rẹ̀ sì gbọgbẹ́. Ṣùgbọ́n ọgbẹ́ náà ò dé ọwọ́ tó fi di pẹ́ẹ̀nì mú.

Bánkẹ́ fi ìbínú dìde dúró. Kò lè ra ohun tí kò sí nínú lísìtì, òfin ò fún un láyè. Ó wá ọ̀nà mìíràn. "Ó dáa, ẹ̀dà tiyín ńkọ́? Ẹ gbé e wá. Màá fi í sẹ́yìn káńtà, wọn á máa gbà á kà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó sàn ju òfo lọ."

"Pọ̀fẹ́sọ̀ ti yá a lọ́wọ́ mi."

"Ẹ lọ gbà á."

"Bóyá bó bá rántí fúnra rẹ̀..."

"Dókítà, ojú bọ̀rọ̀ kọ́ ni wọ́n fi ń gba ọmọ lọ́wọ́ èkùrọ́. Ẹ lọ gbà á!"

Ó lọ lóòótọ́. Ọjọ́ Àìkú ni, lẹ́yìn tí Pọ̀fẹ́sọ̀ ti ṣọ́ọ̀ṣì dé. Mọ́ṣúdù ti ń kọ́ ẹnu ara rẹ̀ lójú ọ̀nà: Ẹ jọ̀ọ́, sà, ìwé mi tẹ́ ẹ yá, sà, àwọn ọmọ fẹ́ ẹ lò, sà. Ọ̀rọ̀ tí ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi lè sọ láìkólòlò. Ó wọ pálọ̀, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀, àyà lórí kápẹ́ẹ̀tì, àgbọ̀n nílẹ̀. Ibẹ̀ ló ti rí ìwé náà. Wọ́n fi ti ẹsẹ̀ fìríìjì Pọ̀fẹ́sọ̀ tó ń mì. Imú Mọ́ṣúdù fẹ́rẹ̀ẹ́ kàn án. Ó rí orúkọ ara rẹ̀ tó kọ sí ẹ̀yìn ìwé, omi fìríìjì sì ti ń pa yíǹkì rẹ̀ rẹ́.

Pọ̀fẹ́sọ̀ náà rí i pé ó rí i. Ó ní, "Fìríìjì yìí ń dà mí láàmú, Mọ́ṣúdù. Ilẹ̀ ibẹ̀ ò tẹ́jú."

Ẹ gbọ́ ohun tí ọkùnrin tó gba oyè dókítà lókè òkun fi fèsì. "Ó dúró dáadáa báyìí, sà. Ọgbọ́n àgbà ni."

Ó jẹ ìrẹsì, ó mu omi tútù tó ti inú fìríìjì ọ̀hún wá, ó dúpẹ́, ó sì jáde. Lójú ọ̀nà, ó ń bú ara rẹ̀, ó bú Pọ̀fẹ́sọ̀, ó bú fìríìjì. Bó ti bú tó, kò padà. Nígbà tí Bánkẹ́ bi í léèrè, ó ní àwọn kò bá ara àwọn nílé.

Àwọn ìwé dé kí àwọn ọmọ tó wọlé. Ẹ wá wo ewé kòkó lórí pẹpẹ, gẹrẹrẹ, ó mọ́ fínnífínní, kò sẹ́ni tó ṣí i. Bánkẹ́ kó wọn sẹ́yìn káńtà gẹ́gẹ́ bí lísìtì ṣe wí, ó ní kí ojú ti ẹni tójú ń tì. Ràbíátù ń wá lójoojúmọ́. Ó ka ti ehoro. Ó ka ìtàn ìdílé akọ̀wé àgbà dé orí ìyàwó kẹta. Ọmọ tí ebi ìwé ń pa ò mọ èyí tó dáa mọ́. Nígbà tó rẹ̀ ẹ́, ó lọ bá àbúrò ìyá rẹ̀ ní ọ́fíìsì.

"Bọ̀dá, kí ni ká kà gan-an?"

"Fọkàn balẹ̀, Ràbí. Ohun tí mo bá sọ ní kíláàsì ti tó."

Ì bá tó, bó bá jẹ́ pé ó ń wá sí kíláàsì. Ṣùgbọ́n àgbà ń kọ́lé, àgbà ń ṣọpẹ́, àgbà ń sọmọ-ọmọ lórúkọ, kò sì sí èyí tí Mọ́ṣúdù kò débẹ̀ ṣáájú alága ìjókòó. Ìbéèrè ìdánwò ńkọ́? Ó ti kọ ọ́ láti inú ìwé ará Bìní kó tó fa ilà sí i, ó ti fi ránṣẹ́ sí olùyẹ̀wò ní Ìbàdàn, wọ́n ti fọwọ́ sí i, wọ́n ti lẹ̀ ẹ́ pa. Láti pààrọ̀ rẹ̀, yóò ní láti kọ̀wé gba ọwọ́ Pọ̀fẹ́sọ̀, kó ṣàlàyé ohun tó fà á. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé kò lè ṣàlàyé.

Wọ́n ṣèdánwò. Púpọ̀ nínú wọn ló fìdí rẹmi, ṣùgbọ́n àwọn yẹn ṣì lè tún un ṣe. Ràbíátù ní tirẹ̀, ẹ̀ẹ̀kejì nìyẹn, ilé ló ń lọ. Bánkẹ́ bá Mọ́ṣúdù níwájú pátákó tí wọ́n lẹ èsì mọ́, kò kí i, ó kàn wí pé, "Ẹ kú ọ̀wọ̀ àgbà o, Dókítà," ó sì kọjá.

Mọ́ṣúdù sáré dé ọ̀dọ̀ Pọ̀fẹ́sọ̀. Ìdọ̀bálẹ̀ tó ṣe lọ́jọ́ náà, ilẹ̀ fúnra rẹ̀ mọ̀ ọ́n lára. Ó ní ọmọ ẹ̀gbọ́n òun ni, sà. Ó ní kí wọ́n bá òun dá sí i ní ìgbìmọ̀, sà.

"Òfin ni òfin, Mọ́ṣúdù," ni Pọ̀fẹ́sọ̀ wí, ó ń fi ìṣáná tayín. "Àwa àgbà la ṣe é, a ò lè fọwọ́ ara wa bà á jẹ́. Ṣé kò ka ìwé mi ni?"

Dókítà Àtinúkẹ́ ní òun ń lọ sí ìrìn àjò. Akọ̀wé àgbà ní kó lọ gbàdúrà. Ó délé, adìẹ bà lókùn, ara ò rokùn, ara ò rọ adìẹ.

Sàfúrátù wá ní ọjọ́ kejì. Ọkọ̀ tó gbé e wá láti kó ẹrù Ràbíátù wà níta, àpótí ọmọ náà sì ti wà lórí rẹ̀. Ràbíátù jókòó sínú ọkọ̀, kò sọ̀ kalẹ̀. Bí Mọ́ṣúdù ti rí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó dọ̀bálẹ̀.

"Dìde," ni Sàfúrátù wí. "Mọ́ṣúdù, dìde ńlẹ̀. Mi ò wá gba ìkí."

Ó dìde. Ó gbé àga fún un, kò jókòó.

"Ọmọ sọ pé ìwé kan rè é wà, tí wẹ́n ì bá kà, tí wẹ́n ì bá yege. Òótọ́ ni?"

"Òótọ́ ni, Àǹtí."

"Ìwọ rè é wo ń ṣètò ìwé tí wẹ́n ó rà?"

"Èmi ni. Ó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, Àǹtí, òun ló tiẹ̀ wà lókè. Àwọn àgbà ibi iṣẹ́ wa ló pọ̀, àyè ò gbà gbogbo wọn, ọ̀kan ní láti kúrò."

"Kí wo ṣe tí wo fi mú èyí tí ọmọ mi ó kà kúrò?"

Lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo láyé rẹ̀, Mọ́ṣúdù ò rí irọ́ pa. Bóyá ojú tó wò ó ló fà á, ojú ẹni tó ru obì nítorí rẹ̀ láti ìgbà tó ṣì ń tọ̀ sílé. Ó sọ ọ́ bó ṣe rí.

"Ẹni tó kọ ọ́, ará Bìní ni, ó ti kú. Kò mọ ẹnikẹ́ni ní kọ́lẹ́ẹ̀jì wa. Àwọn tó kù ni wọ́n lẹ́ni tí yóò gbèjà wọn."

Sàfúrátù kò pariwo. Kò bú u. Ó tún ìró rẹ̀ ró, ó wo inú ilé dáadáa náà káàkiri, ó wo fèrèsé tí a lè gbà rí ọkọ̀ tó wà níta, níbi tí ọmọ rẹ̀ ti kọ ẹ̀yìn sí ilé àbúrò ìyá rẹ̀.

"Gbogbo Mákùn ni mo sọ fún," ó wí, "pé Ràbí lẹ́nìkan níbẹ̀."